Ojú Nìkan Kọ́ Ló Ń Gbé Inú Ilé

Lọ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kí n kéde ohun tí kò ṣẹlẹ̀ fún ọ̀gá mi ní láàbù. Àbúrò kan tó wà ní ọdún kejì ló yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún wa. A gbé awò VR bò ó lójú, ìyẹn ohun tó dà bí awò ojú ńlá, tó ń bo ojú pátápátá, tó jẹ́ pé ibi yòówù kéèyàn yíjú sí, ayé inú kọ̀ǹpútà ló máa rí. A so sẹ́ńsọ̀ kéékèèké méjì mọ́ ìka ọwọ́ òsì rẹ̀. Nínú awò yẹn, gbọ̀ngàn ńlá kan ló wà, tí àjà rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi jókòó ti kọ̀ǹpútà, mò ń wo ìlà kan tó ń sọ fún mi bí awọ ìka rẹ̀ ṣe ń gbé iná mànàmáná kọjá. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìlà náà ń rìn jẹ́jẹ́. Lójijì ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó gòkè, ó tún gòkè. Inú mi dùn! Mo ti ń sọ lọ́kàn ara mi pé àjà tó ń sọ̀kalẹ̀ yìí ti kan ọmọ ọlọ́mọ lára, àyà rẹ̀ ti ń já. Mo fẹ́ dìde lọ pe ọ̀gá mi kó wá wò ó. Ìgbà yẹn ni àbúrò yìí sọ̀rọ̀ lábẹ́ awò rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ooru ń mú mi o. Ṣé AC ti kú ni?"

AC ti kú lóòótọ́. Wọ́n ti mú iná lọ. Bátìrì ni kọ̀ǹpútà mi àti awò yẹn ń lò, ojú mi ò sì kúrò lára ìlà, torí náà mi ò tiẹ̀ mọ̀. Àjà kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ooru lásán ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí, òun gan-an ni mo ń fi oyè mi kejì ṣe. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é báyìí, ojú ni wọ́n ń bi léèrè bí ilé ṣe rí, wọ́n á wá lọ gba ìdáhùn lọ́wọ́ òógùn àti ọkàn. Ilé tí àwa ń gbé, ojú nìkan kọ́ ló ń gbé e. Bí àwọn ayàwòrán ilé bá wá gba irú èsì bẹ́ẹ̀ bí òfin, tí wọ́n fi kọ́ wọ́ọ̀dù ọsibítù àti ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún wa, àwa la máa gbé inú rẹ̀ fún àádọ́ta ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ó dùn mọ́ni.

Òógùn tó ń jáde lẹ́yìn wa àti níwájú orí, iṣẹ́ tó gbájú mọ́ ni pé kó mú ara tutù. Ti àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ó máa ń tètè dáhùn sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́kàn. Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n pè yín síwájú kíláàsì kẹ́ ẹ wá ṣàlàyé ohun tẹ́ ò kà: ọwọ́ á tutù, á sì tún rin. Ẹ ò pàṣẹ fún un. Òógùn jẹ́ omi tó ní iyọ̀, omi oníyọ̀ sì máa ń gbé iná. Torí náà, tí a bá fi iná tín-ín-rín tí ara ò lè mọ̀ kọjá láàárín ìka méjì, tí ẹni náà bá ta gìrì, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí mẹ́ta, iná yẹn á máa rọ́nà kọjá dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Microsiemens la fi ń wọ̀n ọ́n.

Ọkàn ní tirẹ̀ kì í lù bí aago. Àlàfo tó wà láàárín lílù kan sí èkejì máa ń gùn díẹ̀, á tún kúrú díẹ̀. Lára ẹni tí ara tù, ìyípadà yìí máa ń pọ̀. Tí wàhálà bá dé, ó sábà máa ń dín kù. Itọ́ náà tún wà. Nínú itọ́ la ti ń wá cortisol, họ́mọ̀nù kan tó ń jáde láti orí kíndìnrín nígbà tí ara bá rí i pé nǹkan ti le. Cortisol kì í kánjú. Ó máa ń tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n kó tó ga dé òkè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gba itọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan náà léraléra.

Kí wá ni ti VR níbẹ̀? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àjà gíga ń tu èèyàn lára ju àjà kúkúrú lọ, láyé àtijọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ yàrá méjì. Ta ló lówó ẹ̀? Nínú VR, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, àjà gòkè. Ògiri ò yí padà, àga ò yí padà, ìmọ́lẹ̀ ò yí padà. Ohun kan ṣoṣo lẹ yí, torí náà tí ara bá dáhùn, ẹ mọ ohun tó ń dá lóhùn. Ẹni tó bá ti ṣe sáyẹ́ǹsì rí á mọ̀ pé àǹfààní ńlá nìyẹn.

Ìwádìí irú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù jáde ní 2014, láti ọwọ́ Lars Brorson Fich ti Yunifásítì Aalborg ní Denmark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n lo ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní Trier Social Stress Test. Ìlú Trier ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní 1993, ó sì burú. Wọ́n á ní kí o dúró níwájú àwọn adájọ́ tí wọn ò ní rẹ́rìn-ín sí ọ, kí o sọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́. Tí o bá parí ìyẹn, wọ́n á ní kí o yọ 13 kúrò nínú 1,022, kí o tún yọ 13 kúrò nínú èyí tó kù, kí o máa bá a lọ, kíákíá. Tí o bá ṣì í, ó di 1,022 padà. (Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Èmi dé 957, mo sì ti ń bínú.)

Fich àti àwọn tiẹ̀ wá gbé ìdánwò yìí sínú ayé kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ṣe é nínú yàrá tó dí pa, àwọn yòókù ṣe é nínú yàrá tó ní àyè tó ṣí sílẹ̀ lára ògiri. Wọ́n gba itọ́, wọ́n sì ka ọkàn. Cortisol àwọn tó wà nínú yàrá tó dí ga ju ti àwọn yòókù lọ, kódà nígbà tí ìdánwò ti parí tó yẹ kí ara máa rọlẹ̀, tiwọn ṣì ga. Bí ẹni pé yàrá yẹn ò jẹ́ kí wọ́n bọ́ nínú ẹ̀. Kò sí ẹni tó ti wọ́n mọ́bẹ̀ o. Àwòrán ni.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ tí wọ́n bá ń ròyìn ìwádìí yìí ni pé ọkàn ò sọ nǹkan kan. Ní ti bí ọkàn ṣe ń lù, wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín yàrá méjèèjì. Itọ́ sọ̀rọ̀, ọkàn dákẹ́. Ká ní aago ọwọ́ tó ń ka ọkàn nìkan ni wọ́n lò, wọn ì bá sọ fún gbogbo ayé pé yàrá ò já mọ́ nǹkan kan. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi èyí sọ́kàn nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ ta ilé fún yín pé "sáyẹ́ǹsì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń tuni lára." Ẹ bi í pé: ẹ̀yà ara wo lẹ bi?

Kí VR tó di ohun tí láàbù kékeré lè rà, Roger Ulrich ti ṣe irú iṣẹ́ yìí láìso wáyà mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lọ tú àkọsílẹ̀ ọsibítù kan ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ti àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún láàárín 1972 sí 1981. Ó fi aláìsàn 23 tí fèrèsé wọn kọjú sí igi wé 23 mìíràn tí tiwọn kọjú sí ògiri bíríkì, ó sì rí i pé àwọn tó fi wé ara wọn jọra ní ọjọ́ orí àti ní oríṣiríṣi ọ̀nà mìíràn. Àwọn tó ń wo igi lo ọjọ́ 7.96 ní ọsibítù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn tó ń wo bíríkì lo 8.70. Oògùn ìrora tó le tí àwọn tó ń wo igi lò náà kéré sí ti àwọn yòókù. Ìwé ìròyìn Science ló gbé e jáde ní 1984. Ẹ lè ní kí ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjọ́ kan fẹ́ jọ? Ó dáa, ẹ bi ẹni tó ń san owó bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́ látinú àpò ara rẹ̀.

Èmi náà ní ìtàn tèmi. Nígbà kan, mo mú màmá mi lọ sí ilé-ìwòsàn kan. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ la ti jókòó nínú ọ̀nà àárín ilé kan tó gùn bí ihò ejò, tí kò ní fèrèsé kankan, èrò kún un fọ́fọ́. Nígbà tó kàn wá, wọ́n wọn ìfúnpá màmá mi, ó ga débi tí nọ́ọ̀sì fi tún un wọ̀n. Obìnrin náà wo ojú wa, ó ní, "Ẹ lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò níta, Màmá, kẹ́ ẹ padà wá tó bá di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú." A lọ. Nígbà tá a padà, ó ti wálẹ̀ dáadáa.

Èèyàn kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí, mo mọ̀. Ìfúnpá máa ń wálẹ̀ téèyàn bá sinmi níbikíbi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú ìtàn yẹn tí n kò lè gbàgbé. Kí ló tu màmá mi lára lábẹ́ máńgòrò yẹn? Ṣé ewé tó ń rí ni? Ṣé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lára ni? Àbí bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ ariwo àti òórùn Izal? Awò VR lè fún màmá mi ní ewé máńgòrò, ewé tó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ pàápàá. Kò lè fún un ní atẹ́gùn ẹyọ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Yàrá tí Fich ṣí ògiri rẹ̀, afẹ́fẹ́ ò gba ibẹ̀ wọlé. Kò sì yẹ kó gba ibẹ̀ wọlé fún ohun tí wọ́n ń wá, ojú ni wọ́n ń yẹ̀ wò. N ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó ń gbé níbi tí ẹ̀rọ ń bójú tó ooru àti òtútù inú ilé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó lè jẹ́ pé ojú ló kù tó ń sọ fún un bí yàrá kan ṣe yàtọ̀ sí òmíràn. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú ilé face-me-I-face-you bóyá yàrá òun dáa. Kò ní sọ fún yín pé àjà ẹ̀ ga. Á ní, "Yàrá yìí ń móoru," tàbí "Ó ń gba atẹ́gùn." Á sọ ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Á sọ ti páànù tí òjò ń lù lóru. Ohun tó ń jẹ́ kí ilé dùn-ún gbé tàbí kó nira láti gbé, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni kò lè wọ inú awò.

Ẹ wo ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ya àwòrán rẹ̀. Ara ilé náà kún fún ihò tí wọ́n tò bí ọnà. Tẹ́ ẹ bá wò ó nínú VR, ẹ máa sọ pé ó rẹwà, tàbí pé ó ti di ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lihò yẹn ń ṣe: ó ń dá oòrùn dúró, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó gba èkejì jáde. Ooru àti ọ̀rinrin ni Fry àti Drew ń bá jà, wọ́n tiẹ̀ kọ odindi ìwé nípa ẹ̀ tó jáde ní 1956. Awò VR á fún iṣẹ́ wọn ní máàkì ẹwà nìkan. Gbọ̀ngàn onígíláàsì tó ń dán yinrin, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá mú iná lọ ó di ààrò, ìyẹn ló máa gba máàkì jù ú lọ. Mo bẹ̀rù pé irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ la máa kọ́, ká sì fi ìlà orí kọ̀ǹpútà ti ara wa lẹ́yìn.

Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe yí po: òógùn la fẹ́ fi ka ìmọ̀lára, níbi tí ooru ti ń gba òógùn lára wa láìbéèrè ìmọ̀lára. Kì í tún ṣe ooru nìkan. Awò VR fúnra rẹ̀ máa ń dá òòyì sílẹ̀ fún àwọn kan, torí pé ojú ń sọ fún ọpọlọ pé à ń rìn, inú etí tó ń bá wa mọ ìdúró ní rárá o, a jókòó. Ẹni tí òòyì ń kọ́ máa ń làágùn. Sẹ́ńsọ̀ ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹ̀rù.

Ó tún kù. Ká tiẹ̀ sọ pé iná ò lọ, AC ń ṣiṣẹ́, òòyì ò kọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí òógùn àtẹ́lẹwọ́ ń sọ ni bí ara ṣe ta gìrì tó. Kì í sọ ohun tó tà á. Ní 1974, Donald Dutton àti Arthur Aron ṣe ìwádìí kan lórí afárá Capilano ní Kánádà, afárá onókùn tó ń mì, tó ga tó nǹkan bíi mítà 70 sí ilẹ̀. Obìnrin kan dá àwọn ọkùnrin tó gba orí afárá náà dúró, ó bi wọ́n ní ìbéèrè, ó fún wọn ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Àwọn tó pè é lẹ́yìn náà pọ̀ ju àwọn tó bá pàdé lórí afárá tó dúró gbọn-in lọ. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àyà àwọn ọkùnrin yẹn ń lù kìkì nítorí afárá, wọ́n rò pé nítorí obìnrin ni. Bí ẹni tó ni àyà bá lè ṣì í mọ̀, kí ni ká retí lọ́wọ́ wáyà?

Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń fi ìwé ìbéèrè kún un. Báwo ló ṣe dùn mọ́ ẹ tó, láti 1 dé 9? Mo gbìyànjú láti tú ọ̀kan sí Yorùbá, mo sì rí i pé wàhálà wà. Èdè wa kì í ya ìmọ̀lára kúrò lára ara. Inú mi dùn. Àyà mi já. Ọkàn mi balẹ̀. Ojú tì mí. Ara mi bù máṣọ. Orí mi wú. Ẹ mú "orí mi wú" yẹn. Wọ́n ń ki ẹ ní oríkì ìdílé yín, orí ẹ wú. O wọ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí òrùlé rẹ̀ ga lọ sókè réré, orí ẹ wú. O dá nìkan wà lóru, o gbọ́ ìró kan lẹ́yìn, orí ẹ tún wú. Ó dùn mọ́ ẹ àbí kò dùn mọ́ ẹ, láti 1 dé 9? Ìbéèrè yẹn ò mọ ohun tó ń béèrè. N kò sọ pé èdè wa ju tiwọn lọ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí ìwé ìbéèrè bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀, ohun tí ó rí lára wa, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ní àpótí fún nìkan ni.

Ó dáa, kí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe? Mo ní ìwádìí kan lọ́kàn. Irin ojú fèrèsé.

Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Burglary la máa ń pè é. Àwọn kan ní òpó tó dúró ṣánṣán bíi ti àtìmọ́lé, àwọn kan ní òdòdó àti ọrún tí wẹ́dà fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ̀. Mo fẹ́ ká mú yàrá Fich, ká fi fèrèsé sí i, ká wá ṣe é ní oríṣi mẹ́ta: fèrèsé tí kò ní irin, fèrèsé onírin, àti ògiri tó dí pa. Ká gba itọ́, ká ka ọkàn, ká sì bi èèyàn ní Yorùbá pé, "Ṣé ọkàn yín balẹ̀ níbí?" Tó bá jẹ́ pé ohun tó ń tuni lára ni rírí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sá jáde, irin á ba nǹkan jẹ́, yàrá onírin á ṣe bíi yàrá tó dí. Bóyá bó ṣe máa rí lára ará Denmark nìyẹn, á rò pé ẹ̀wọ̀n lòun wà. Èmi fura pé lára ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, fèrèsé tí kò ní irin gan-an ló máa gbé cortisol sókè. Èmi ò lè sùn nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ò ní irin. Mo gbìyànjú ẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ mi kan, mo lajú sílẹ̀ di aago mẹ́rin.

Tí ìfura mi bá jóòótọ́, ẹ wò ó, fèrèsé kan náà, ìwọ̀n kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, ara méjì á dáhùn lọ́nà tó takora. Ìyẹn nìkan á tó láti dá àwọn tó ń kó "òfin ilé tó ń tuni lára" kiri ayé lẹ́kun.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni VR ti lè tàn wá jẹ. Ká ní irin ń fi wá lọ́kàn balẹ̀ lóòótọ́, tí gbogbo itọ́ sì jẹ́rìí sí i. Tí iná bá sọ nínú ilé ńkọ́? Irin tó ń dá olè dúró níta kan náà ló ń dá onílé dúró nínú. Ohun tó ń tu ara lè pa ara. Torí náà, kódà bí ìwádìí tèmi bá yọrí sí bí mo ṣe fẹ́, n ò ní gbà kí ayàwòrán ilé kankan mú un bí àṣẹ. Kó mú un bí ìsọfúnni pé àwọn èèyàn yìí nílò ààbò kí wọ́n tó lè sinmi, kó wá ronú irin tó ṣeé ṣí látinú. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ ò lè bá a ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ náà kù díẹ̀. Fìlà oníwáyà tó ń ka iná ọpọlọ gbọ́dọ̀ fara kan awọ orí, irun tó nípọn tó ká kókó bíi tiwa kì í sì gbà á láyè. Ó rọrùn fún láàbù láti yọ olórí bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwádìí. Arnelle Etienne, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, ló rò ó pé kí wọ́n kúkú di irun náà, kí sẹ́ńsọ̀ jókòó sáàárín ìlà irun dídì. (Tí láàbù wa bá máa gba onídìrí síṣẹ́, mo ti mọ ẹni tí mo máa pè.) Bákan náà ni àwọn ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ. Ní 2020, ìròyìn kan jáde nínú New England Journal of Medicine pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti mọ ìwọ̀n ọ́síjìn máa ń kùnà láti rí i pé ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ lára àwọn aláìsàn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Kí á tó gbà pé ilé kan ò kàn wá lára, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ rí wa.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín á sọ: ilé tí kò lómi, ẹ ń sọ ti VR. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé ṣì ń jáde nílẹ̀ lójoojúmọ́ yálà omi wà tàbí kò sí, kọnkéré tí wọ́n bá sì ti dà kì í gba àtúnṣe. Ọ̀nà àárín ilé tí màmá mi jókòó sí yẹn, ẹnì kan yà á sórí ìwé, ẹnì kan fọwọ́ sí i, agbaṣẹ́ṣe kọ́ ọ. Ká ní wọ́n ti mú nọ́ọ̀sì méjì àti aláìsàn mẹ́wàá rìn gba inú rẹ̀ nínú awò, nínú yàrá tí wọn ò tan AC sí, pẹ̀lú ariwo èrò létí wọn, ẹnì kan á ti béèrè pé fèrèsé dà? Owó awò kan ò tó owó ìrọ́kẹ̀kẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà.

Ní láàbù wa, a ti fi tẹmómítà kọ́ ara ògiri. Mo ti fi ìlà méjì kún fọ́ọ̀mù: ìwọ̀n ooru nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n ooru nígbà tá a parí. Mo sì ti ń bẹ ọ̀gá mi pé ká ra fáànù kan tá a lè máa tàn nígbà tí fèrèsé inú awò bá ṣí, ká wo ohun tí ara á sọ tí ojú àti awọ bá jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Kò tíì fọwọ́ sí i.

Àbúrò ọjọ́sí padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kó tó gbé awò bojú, ó kọ́kọ́ bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀?"